Bí A Ṣe Ń Yan Ohun tí A Ó Tẹ́ sí Ilẹ̀ Ilé Ìdáná Olóúnjẹ

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ ni ó máa ń ya ìsọ̀ onítáìlì, tí yóò sì mú èyí tí ó ń dán jù lọ, nítorí pé ohun tí ó ń dán ni ojú wa kà sí ohun tí ó mọ́. Pálọ̀ ni irú táìlì bẹ́ẹ̀ yẹ. Ní ilé ìdáná tí a ti ń ro àmàlà, tí a ń dín ẹran, tí a sì ń se ìrẹsì fún èrò rẹpẹtẹ lójoojúmọ́, omi gbígbóná àti epo ni yóò máa dà sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, ẹni tí ó sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ mọ́ àyà kì í rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Bí ilẹ̀ náà yóò ti rí nígbà tí omi àti epo bá wà lórí rẹ̀ ni kí a fi yàn án.

Ẹ ra táìlì kan ṣoṣo lọ sílé, ẹ da omi tí a fi epo díẹ̀ sí lé e lórí, kí ẹ sì fi bàtà tí ẹ ń wọ̀ dáná tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá yọ̀ nílé, yóò yọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Lára páálí àwọn táìlì kan, ẹ óò rí lẹ́tà R pẹ̀lú nọ́ńbà láti 9 dé 13. Ìwọ̀n àwọn ará Jámánì ni: wọ́n ń mú ènìyàn rìn lórí pẹpẹ tí wọ́n da epo sí, wọ́n sì ń gbé apá kan pẹpẹ náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi yọ̀. R9 kò tó fún ilé ìdáná. R11 ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, R12 sì ni fún ibi tí a ti ń dín nǹkan. N kò sọ pé kí ẹ mú R13, nítorí ilẹ̀ tí ó bá rí págunpàgun jù a máa di ìdọ̀tí mọ́ra, ẹni tí yóò fọ̀ ọ́ lálẹ́ ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Símẹ́ǹtì lásán ni ó pọ̀ jù nínú àwọn búkà wa. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń mu nǹkan: ásíìdì tí ó wà nínú epo àti omi tòmátì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ihò wẹ́wẹ́ yóò fi máa gba omi ìdọ̀tí dúró lójú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀dà ara ògiri bò ó, yóò ṣí.

Bí ó bá jẹ́ táìlì ni a fẹ́, kí ó nípọn, kí ó má sì mu omi. Ojú ìlà àárín táìlì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Símẹ́ǹtì funfun tí àwọn onítáìlì wa fẹ́ràn láti fi dí i yóò mu epo, yóò dúdú, yóò sì máa rùn. Èyí tí a fi epoxy ṣe, ìyẹn oje ike tí a ń po èròjà méjì pọ̀ kí ó tó le, ni kí a béèrè fún, bí ó tilẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ́ ẹ tán, ẹ fi ìdí ọ̀bẹ kan táìlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá dún bí agbè òfìfo, ihò wà lábẹ́ rẹ̀: ìkòkò kan tí ó bá já lé e yóò fọ́ ọ, aáyán yóò sì fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a lè da ilẹ̀ tí kò ní ojú ìlà rárá. Epoxy ni wọ́n sábà máa ń fi lọ̀ wá, ó sì dára fún yàrá tí a ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń rọ̀ bí ooru bá ti tó nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ omi tí a sẹ́ kúrò lára ìrẹsì ń sún mọ́ 100. Polyurethane, irú oje ike mìíràn, tí a pò mọ́ símẹ́ǹtì, tí ó sì nípọn tó mìlímítà 9, ni ó lè gba irú omi bẹ́ẹ̀. Kí a tó da epoxy ní pàtàkì, ó yẹ kí kọnkéré tuntun ti lo nǹkan bí ọjọ́ 28, kí a sì lẹ ọ̀rá náílọ́nù mọ́ ọn lálẹ́, kí a di etí rẹ̀ pa. Bí a bá bá ìrì lábẹ́ ọ̀rá náà láàárọ̀, omi ṣì wà nínú ilẹ̀.

Kí bíríkìlà jẹ́ kí ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sí gọ́tà, ní sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri, kí ó tẹ̀ bí inú igbá, kí ó sì gun ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 10, nítorí igun ni ìgbálẹ̀ kì í dé, igun náà sì ni ojú wolé-wolé máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ má san owó tí ó kù títí ẹ ó fi da garawa omi kan sílẹ̀, tí ẹ ó sì dúró wò ó; ibi tí omi bá dúró sí, kí ó tún un ṣe lójú yín.

Kí ẹ sì tọ́jú páálí kan pamọ́ lára táìlì tí ẹ rà, nítorí nígbà tí ọ̀kan bá máa fọ́, irú rẹ̀ lè má sí lọ́jà mọ́.