Bí mo ṣe dín ẹlẹ́rìndòdò dúdú kù kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé

Ẹ̀fọ́rí tó máa ń mú ọ̀pọ̀ nínú àwa Mùsùlùmí ní ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Rámádánì kì í ṣe ti ebi àti òùngbẹ nìkan. Ẹni tó bá ti sọ ẹlẹ́rìndòdò dúdú, tíì tàbí kọfí di ohun tó ń mu lójoojúmọ́, káfíìnì, èròjà inú wọn tó ń lé oorun lọ, ti mọ́ ọn lára, bí wákàtí 12 sí 24 bá sì kọjá tí ara kò rí i, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Àwọn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé láàárín wákàtí 20 sí 51 ló máa ń le jù, àti pé ó lè gba ọjọ́ 2 títí dé ọjọ́ 9 kó tó lọ tán pátápátá. Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn, oṣù ààwẹ̀ yìí kan náà sì ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, nítorí kò sí ẹni tí kò fẹ́ wọ aṣọ tuntun lọ sí yídì. Mo wá pinnu pé inú oṣù Ṣàbánì tó ṣáájú Rámádánì ni màá ti dín mínírà mi kù, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí mo gba ààwẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni ara mi yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kò sí.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ mọ ohun tí káfíìnì ń ṣe nínú ara. Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní adẹnosíìnì, tó máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ ṣe ń lọ, òun ló sì ń jẹ́ kó máa rẹ̀ wá kí oorun sì máa kùn wá. Káfíìnì a máa lọ jókòó sórí àga tó yẹ kí adẹnosíìnì jókòó sí, nítorí náà àárẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, a kàn kì í mọ̀ ọ́n lára ni. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ọpọlọ á fi àga kún àga, ọjọ́ tí káfíìnì kò bá sì wá, adẹnosíìnì á gba gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Káfíìnì tún máa ń mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí fún díẹ̀. Bí kò bá sí i mọ́, àwọn iṣan náà á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa sáré gba inú wọn, èyí tí a máa ń mọ̀ lára bí orí bá ń lù kì-kì-kì. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà láti já a lójijì. Mo fẹ́ kí ọpọlọ ráyè kó àwọn àga tó pọ̀ jù náà kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ń kọ gbogbo ohun tí mo bá mu sílẹ̀. Ìwé tí mo máa ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí náà ni mo lò: ìwọ̀n àyà, ìdí àti gígùn apá wà níwájú, ohun tí mo mu àti aago tí mo mu ún wà lẹ́yìn. Ìṣirò mi rọrùn. Káfíìnì inú Coca-Cola tó nǹkan bíi mílígíráàmù 10 nínú mílílítà 100, ti Pepsi náà kò sì jìnnà sí i, nítorí náà ìgò oníke 50cl kan jẹ́ nǹkan bíi 50 mílígíráàmù, ìgò onígíláàsì 35cl sì jẹ́ nǹkan bíi 35. Ife tíì kan tí a fi báàgì kan po jẹ́ nǹkan bíi 40. Obì náà kò gbẹ́yìn: nítorí káfíìnì tó wà nínú obì ni John Pemberton ti ìlú Atlanta ṣe pò ó mọ́ ohun mímu tó ṣe ní 1886, tó wá di Coca-Cola. Àwọn ìyá kan ní ọjà wa máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí a jẹ obì kí a fi mínírà sílẹ̀. Ó dára ní ti ṣúgà, ṣùgbọ́n ní ti káfíìnì, ohun kan náà ni wọ́n ní kí a padà sí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìwé náà ni oògùn ẹ̀fọ́rí. Oríṣi kan wà nínú àwọn oògùn tí à ń rà ní kẹ́míìsì tí wọ́n fi káfíìnì kún, nítorí ó máa ń jẹ́ kí agbára paracetamol pọ̀ sí i. Hóró Panadol Extra kan ní 500 mílígíráàmù paracetamol àti 65 mílígíráàmù káfíìnì, ìyẹn ni pé hóró méjì jẹ́ 130, ó sì ju ìgò 50cl méjì lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí, kò sí ohun tí wọ́n fi pamọ́. Ọjọ́ tí mo bá mu ìgò 50cl méjì àti ife tíì kan, tí mo sì lo irú hóró bẹ́ẹ̀ méjì nítorí ẹ̀yìn àti orí tó ń dùn mí níbi tí mo ti tẹ̀ ba lórí máṣíìnì, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 270 mílígíráàmù, ìdajì rẹ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti oògùn. Àjọ FDA, tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé 400 mílígíráàmù lójúmọ́ kì í sábà pa àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lára, nítorí náà iye tèmi kò tíì kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n 100 mílígíráàmù lójúmọ́ ti tó láti jẹ́ kí orí fọ́ ẹni tó bá fi í sílẹ̀. Mo lọ bá bọ̀dá oníkẹ́míìsì wa, mo ní paracetamol lásán ni mo fẹ́.

“Àǹtí Télọ̀, ṣé kì í ṣe èyí tó lágbára lẹ máa ń gbà ni?”

“Ẹ fún mi ní lásán, bọ̀dá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan kan kún un.”

Lẹ́yìn oògùn, ìgò alẹ́ ni mo mú kúrò. Ó ń gba ara tó wákàtí 5 kó tó lo ìdajì káfíìnì tó wọ inú rẹ̀ tán, nítorí náà nínú 50 mílígíráàmù tí mo bá mu ní aago mẹ́jọ alẹ́, nǹkan bíi 25 ṣì wà lára mi ní aago kan òru. Lára aláboyún àti lára ẹni tó ń lo hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2013 fi hàn pé ẹni tó mu 400 mílígíráàmù ní wákàtí 6 kó tó lọ sùn pàdánù ju wákàtí kan lọ nínú oorun rẹ̀. Mo wá fi òfin lé ara mi lọ́wọ́ pé lẹ́yìn ìrun alásárì, ohun dúdú kankan kò gbọdọ̀ kan ẹnu mi, iṣẹ́ ì báà pọ̀ bí ọ̀run. Àwọn alẹ́ àkọ́kọ́ le, nítorí oorun ń kùn mí nígbà tí aṣọ àwọn ènìyàn ṣì wà lórí tábìlì. Mo kàn ń tìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kánmọ́ ni, mo sì ń jí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Èyí ló ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, nítorí nígbà tí oorun alẹ́ ti padà sípò, ìgò òwúrọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tó fẹ́ tún ṣe fún mi mọ́.

Ìgò ọ̀sán ló kù. Mo kọ́kọ́ kúrò lórí ike 50cl, mo bọ́ sórí onígíláàsì 35cl, kì í sì í ṣe nítorí pé ó kéré nìkan. Ike ṣeé gbé wọ ṣọ́ọ̀bù, a lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì kí a máa fẹnu kàn án títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgò onígíláàsì ní tirẹ̀, ìyá onímínírà kì í jẹ́ kí a gbé e lọ. Orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ la ti ń mu ún tán, kí a tó dá ìgò padà sínú kéréètì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń dín ohun tó wà nínú ìgò náà kù. Ìgò rí tẹ́ẹ́rẹ́ lókè ó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí náà a kò lè fi gígùn rẹ̀ nìkan pín in. Mo rọ omi sínú òfìfo ìgò kan, mo dà á sínú ife ìwọ̀n, mo pín in sí mẹ́rin, mo sì ń dà á padà ní ìdá kọ̀ọ̀kan. Ibi tí omi dé ni mo fi tépù wọ̀n láti ìdí ìgò, tí mo sì kọ sínú ìwé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gba mínírà, màá fi òwú pupa so ìgò ní ibi tí tépù sọ, màá sì da ohun tó bá wà lókè òwú sínú ife fún bàbá onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì, kí n tó fẹnu kan ìgò. N kò fún àwọn ọmọṣẹ́ mi, nítorí kékeré ni wọ́n. Bí ara bá ti gba ibi tí òwú wà, màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìdá tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀fọ́rí dé bó ti wù kó rí. Ẹ̀yìn ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń le sí i bí mo bá tẹ̀ ba láti fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọkàn mi kì í pa pọ̀, mo sì tún máa ń tètè bínú. Ọmọṣẹ́ mi kan ṣì apá aṣọ kan gé, ohùn tí mo fi bá a wí ga ju ọ̀ràn náà lọ. Kì í ṣe àsọdùn ni ọ̀rọ̀ yìí: láti 2013 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti Amẹ́ríkà ti ka ìnira tó ń tẹ̀ lé fífi káfíìnì sílẹ̀ mọ́ àwọn àìsàn tí dókítà lè dárúkọ. Ìlànà tí mo tẹ̀ lé ni pé bí ẹ̀fọ́rí bá ti dé, n kò ní sọ òwú kalẹ̀, n kò sì ní gbé e sókè. Ibi tó wà náà ni yóò wà títí orí á fi fúyẹ́. Mo ń mu omi, mo ń fi orí lé tábìlì tí a fi ń gé aṣọ fún ìgbà díẹ̀, bó bá sì le, mo ń lo paracetamol lásán, tí kò gbọdọ̀ ju hóró 500 mílígíráàmù mẹ́jọ lọ nínú wákàtí 24.

Ẹnu ṣì ń fẹ́ ohun tútù lọ́sàn-án, èyí kò sì ní í ṣe pẹ̀lú káfíìnì. N kò gbà láti fi Fanta tàbí Sprite rọ́pò. Lóòótọ́ wọn kò ní káfíìnì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀: nínú ìgò 50cl Coca-Cola ti àtilẹ̀wá, ṣúgà tó nǹkan bíi gíráàmù 53, ìyẹn ṣíbí tíì 13, bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2015 pé yóò dára bí ti odindi ọjọ́ kan kò bá ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ. Ìjọba Nàìjíríà fi owó orí náírà 10 lé lítà kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ ní 2022. Náírà 5 ni ìyẹn jẹ́ lórí ìgò 50cl, n kò sì rò pé ó lè dá ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ ń gbẹ dúró. Zobo ni mo ń sè. Màá ṣa òdòdó ìṣápá pupa náà, màá fọ̀ ọ́ dáadáa, màá sè é pẹ̀lú ata ilẹ̀ tí mo gún, kànáfùrù díẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí mo ti fọ̀ mọ́. Bó bá ti tutù, màá fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ, màá sì kó o sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. N kò fi ṣúgà sí i. Omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó díẹ̀ ti tó o. Ata ilẹ̀ yẹn máa ń ta ọ̀fun, títa náà sì ni mo fẹ́, nítorí òun ló ṣe bí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́nu. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀, nítorí zobo lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀.

Ibi tó ṣòro jù ni ilé onílé. Bí mo bá gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, mínírà tútù ni wọ́n fi ń ṣe mí lálejò, kíkọ̀ ọ́ sì lè dà bí ìgbéraga lójú àgbàlagbà. Mo kọ́ láti tètè béèrè kí wọ́n tó ṣí i: “Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Omi tútù ló ń wù mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bù ú.” Ẹni tó bá béèrè omi kò kọ àlejò, inú onílé sì máa ń dùn láti fún un. Níbi àríyá, bí wọ́n bá ti gbé e ka tábìlì, màá sún un sí ẹni tó jókòó tì mí kí ó tó di ṣíṣí.

Nígbà tí oṣù yọ, òwú pupa ti wà ní ìdá ìsàlẹ̀ pátápátá, tíì pàápàá sì ti kúrò ní sààrì mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀, ebi pa mí, òùngbẹ gbẹ mí, orí kò fọ́ mi. Mo gé aṣọ títí di ọ̀sán, mo sì kírun àṣámù lálẹ́ láìsí pé mo ń fọwọ́ di ìpàkò. Dàbínù àti omi ni mo fi ń ṣínu, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ àti èso. Àwọn ará ilé wa ṣí mínírà tiwọn lójú mi, n kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Lẹ́yìn Ìtúnu, mo ṣì máa ń mu ìgò onígíláàsì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án, lórí bẹ́ǹṣì ìyá onímínírà, n kì í sì í mu ún ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Ìwé ìwọ̀n mi ṣì ń gba àkọsílẹ̀ rẹ̀, nítorí bí iṣẹ́ ọdún Iléyá bá ti ń súnmọ́lé ni ọwọ́ máa ń fẹ́ na sí ike 50cl.