Revolver ẹlẹ́tù tí ẹlòmíì ti lò: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Ọdún méjìlélógún ni mo lò ní Houston kí n tó padà sílé, sí Ìbarà níhìn-ín, l'Ábẹ́òkúta. Ọdẹ ni bàbá mi. Ṣakabùlà rẹ̀ ni ìbọn àkọ́kọ́ tí mo gbé lé èjìká. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà tí mo rí àwọn òyìnbó tó ń rọ ẹ̀tù sínú ìbọn láràárọ̀ Sátidé bíi pé Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n wà, ara mi yá, mo bá wọn dá sí i. Láti ìgbà yẹn làwọn ará ilé àtàwọn ọ̀rẹ́ ti ń bi mí léèrè. Díẹ̀ rèé nínú ohun tí wọ́n bi mí lọ́dún yìí.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnìkan ní Lafẹ́nwá fẹ́ ta revolver ẹlẹ́tù àtijọ́ kan fún mi. Ó ní torí pé kò lo ọta ìgbàlódé, kò nílò ìwé kankan. Ṣé kí n rà á?

Má rà á. Má tilẹ̀ jẹ́ kó gbé e lé ọ lọ́wọ́. Òfin Ìbọn ti 1959, tí a ṣì ń lò ní Nàìjíríà, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kìíní ni àwọn tí wọ́n kà léèwọ̀ pátápátá, revolver àti ìbọn ìléwọ́ gbogbo sì wà níbẹ̀. Òfin ò bèèrè bóyá ẹ̀tù lo rọ sí i tàbí ọta lo kì sí i. Àyàfi kí Ààrẹ fúnra rẹ̀ fún ọ láṣẹ. Tí wọ́n bá ká a mọ́ ọ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ló kéré jù. Ṣakabùlà àtàwọn ìbọn tí à ń ti ẹnu kì wà ní apá kẹta, àwọn náà sì nílò ìwé àṣẹ.

Ẹni tó sọ pé ìbọn yẹn ò nílò ìwé ò kúkú parọ́ tán: kò sí ìwé tó lè rí gbà fún un.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ revolver tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ yìí, ti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ni. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti 1968 ka ìbọn ẹlẹ́tù bẹ́ẹ̀ sí ohun àtijọ́, kò kà á mọ́ ìbọn ọlọ́ta. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, kí kálukú yẹ tiẹ̀ wò. Ẹ má sì dì í sínú ẹrù wálé pé ẹ̀bùn Kérésì ni.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo wà ní San Antonio. Ọkùnrin kan fẹ́ ta revolver ẹlẹ́tù kan tí wọ́n ń pè ní 1851 Navy fún mi ní 180 dọ́là, onídẹ ni ara rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun yìn ín. Kí ni kí n wò lára rẹ̀?

Àbúrò, gbogbo wọn ló ń sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ fún èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo sanwó, mo gbé e délé, mo wé òwú funfun mọ́ orí igi tín-ín-rín, mo tì í bọ ihò kan nínú àgbá, ìyẹn irin tó ń yí tí ihò mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Pupa ló jáde, bí aṣọ ẹni tó gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀dẹ̀dá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló yìn ín lóòótọ́. Kò kàn fọ̀ ọ́ ni. Tí ẹ̀tù dúdú bá jó tán, eérú tó fi sílẹ̀ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, kò sì ní pẹ́ tí irin á fi máa dógùn-ún. Mo yan ìbọn tí wọ́n ti yìn nígbà ẹgbẹ̀rún tí wọ́n sì ń fọ̀, ju èyí tí wọ́n yìn lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n wá jù sí kọ́bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, má bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló yìn ín. Bi í pé kí ló fi fọ̀ ọ́, kí o sì máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn.

Àwa Ẹ̀gbá kì í gbàgbé 1851. Oṣù kẹta ọdún yẹn ni ogun Dàhómì dé ẹnu odi wa tí a sì lé wọn padà. Àsìkò yẹn náà ni Samuel Colt ń ta Navy rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà fún ọ kì í ṣe ti ayé ìgbà yẹn. Ítálì ni wọ́n ti ṣe é, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Pietta tàbí Uberti. Wá lẹ́tà méjì nínú àpótí kékeré kan lára irin rẹ̀: àmì ọdún tí wọ́n dán an wò nìyẹn. Wá rántí pé irin ni Colt fi ṣe ara Navy tirẹ̀. Ibi ìdìmú àti ibi tó yí ìka ká nìkan ló fi idẹ ṣe. Onídẹ látòkè délẹ̀, àfarawé ni. Ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n idẹ rọ̀ ju irin lọ.

Kí o tó wo ohunkóhun, rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Fa òòlù rẹ̀ dé ààbọ̀ kí àgbá lè máa yí, kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí o wo ẹ̀yìn àgbá bóyá kápù, ìyẹn ìdérí kékeré tí òòlù ń lù láti tanná sí ẹ̀tù, wà lórí èyíkéyìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ti igi tín-ín-rín bọ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kí ó wọlé dọ́gba-dọ́gba. Èyí tí igi ò bá wọ̀ tó ti àwọn yòókù, nǹkan wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí o fi àtàǹpàkò fa òòlù sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Etí ni kí o fi ṣe é. Kí òòlù tó dé òpin, o gbọ́dọ̀ gbọ́ kó dún “káà”, kí àgbá sì dúró gírí. Ṣe é fún ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, torí márùn-ún lè dára kí ọ̀kan máa ṣe wèrè. Bí òòlù bá dé òpin tí àgbá ò tíì dúró, ọta lè má kọjú sí páìpù tààrà, yóò sì máa bó òjé dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tìrẹ tó jẹ́ onídẹ, yọ àgbá kúrò kí o wo idẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìdí àgbá bá ti tẹ àpá yípo sára idẹ náà, ẹnìkan ti ń rọ ẹ̀tù jù sí i, ara rẹ̀ sì ti ń nà. Kò sí ẹni tó máa tún ìyẹn ṣe fún ọ ní 180 dọ́là. Wo irin pẹlẹbẹ tó dá páìpù mọ́ ara náà: ó yẹ kó le díẹ̀ kó tó wọlé, kó má kàn máa yọ̀ wọlé yọ̀ jáde. Wo orí àwọn síkúrù. Èyí tí sukudiráfà bá ti jẹ lórí, ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́ ti débẹ̀. Ní ti ọmú kéékèèké tí kápù ń jókòó lé, má torí wọn kọ̀ ọ́. Wọ́n ń ta tuntun, kò sì wọ́n.

Bọ̀ọ̀dá, mo rà á. Inú rẹ̀ mọ́, àgbá náà sì ń dúró gírí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e dé pápá lónìí, mẹ́ta nínú mẹ́fà ni kò dún.

Ohun méjì ni ẹ̀yin ọmọdé ń pè ní “kò dún”. Ṣé kápù ò ta ni, àbí kápù ta ṣùgbọ́n ẹ̀tù ò gbiná?

Bí kápù ò bá ta ní ìlù àkọ́kọ́ tó wá ta ní ìlù kejì, kò jókòó dáadáa lórí ọmú ni. Ìlù àkọ́kọ́ ló tì í wọlé. Kápù nọ́ńbà 10 àti 11 ló wọ́pọ̀, ọmú kan sì lè fẹ́ ọ̀kan kó kọ ìkejì. Ó tún lè jẹ́ pé òòlù ti lu orí ọmú títí tó fi fẹ̀ bí orí olú. Pààrọ̀ rẹ̀.

Bí kápù bá ta tí ẹ̀tù ò gbiná, mo lè fi owó tẹ́tẹ́ pé ọ́ìlì ni. O fọ̀ ọ́, o fi ọ́ìlì pa á, o gbé e lọ pápá, o rọ ẹ̀tù lé ọ́ìlì lórí. Tí o bá tún lọ pápá, kí o tó rọ ohunkóhun sí i, nu inú ihò kọ̀ọ̀kan gbẹ, fi wáyà tín-ín-rín gún ihò ọmú, kí o wá yin kápù lásán lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kọ ẹnu ìbọn sí ewé tútù kan nílẹ̀. Bí ewé bá mì, ọ̀nà ti là.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí o kò bi mí: kí lo ṣe nígbà tí kò dún? Ẹ̀tù mìíràn máa ń pẹ́ kó tó gbiná. Ìbọn tó bá kọ̀, má yí i wo. Kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí ò ń yìn sí, kí o ka ìṣẹ́jú kan gbáko.

Ó ti ń dún wàyí, Bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ìyìn kejìlá, àgbá á kọ̀, kò ní yí mọ́.

Kọ́kọ́ wá bóyá kápù tó ti fọ́ já sẹ́nu òòlù tàbí sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Navy fẹ́ràn àṣà yẹn. Àwa tí a ń lò ó máa ń gbé ẹnu ìbọn sókè nígbà tí a bá ń fa òòlù fún ìyìn mìíràn, kí èérún kápù lè já bọ́ sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe kápù, eérú ẹ̀tù ló ti dì mọ́ irin tí àgbá ń yí lé. Fi gírísì tí kò ní epo rọ̀bì nínú pa á kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá ẹran àti ìda oyin tí a pò pọ̀ dára. Epo mọ́tò á dà pọ̀ mọ́ eérú, á wá di ọ̀dà. Remington ti 1858, revolver ẹlẹ́tù mìíràn tí mo ní, ń ṣe jù báyìí lọ, torí irin tí àgbá rẹ̀ ń yí lé tín-ín-rín. Ìyìn méjìlá, mo ti ń fi aṣọ tútù nù ún.

Bí o bá délé, omi gbígbóná àti ọṣẹ. Ọṣẹ abọ́ lásán náà ni. Omi tó gbóná dáadáa ni kí o fi ṣan án gbẹ̀yìn, kí irin lè gbẹ fúnra rẹ̀, kí o tó fi ọ́ìlì pa á. Ọjọ́ náà gan-an ni o, kì í ṣe ọjọ́ kejì.

Ọ̀rẹ́ mi yin ẹ̀ẹ̀kan, ihò méjì sì dún pọ̀. Kí ló fà á?

Iná ihò kan ló ràn mọ́ ìkejì. Ọta tó kéré jù máa ń fààyè sílẹ̀ fún iná, kápù tó bá sì ṣí kúrò lórí ọmú á ṣílẹ̀kùn fún un láti ẹ̀yìn. Kí ọta ihò .36 jẹ́ .375 ínṣì ó kéré tán, kí ti .44 jẹ́ .451 tàbí .454, kó lè bó òrùka òjé tín-ín-rín sílẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Tí o ò bá rí òrùka náà, ọta kò dí ihò. Fi gírísì bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Kò gbọdọ̀ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níwájú àgbá láé.

Bàbá Ọdẹ, ẹ̀tù wọ́n ní Ọ̀dẹ̀dá báyìí. Ṣé mo lè tú ti inú ọta ìbọn ìgbàlódé sínú ṣakabùlà?

Rárá! Èyí tó wà nínú ọta ìgbàlódé kì í ṣe ẹ̀tù wa. Agbára rẹ̀ ju èyí tí páìpù ṣakabùlà tàbí ti revolver ẹlẹ́tù lè gbà lọ. Mo mọ ọdẹ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan di ṣòkòtò. Páìpù ìbọn ló là mọ́ ọn lọ́wọ́ òsì.

Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá. Ṣakabùlà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, ẹnìkan sì fẹ́ rà á. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀tù wà nínú rẹ̀.

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Màmá. Ẹ má tà á fún un. Orúkọ olóògbé ló wà lórí ìwé àṣẹ, ẹni yẹn ò sì lè fi orúkọ òkú gbé ìbọn. Kí ọmọ yín ọkùnrin lọ sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín, kí wọ́n wá gbé e. Ẹ má ṣe gbé e lé ọ̀kadà lọ sí oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Eléwéeran fúnra yín.

Kó tó dìgbà náà, ẹ gbà pé ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò ní yàrá yẹn, kí ẹ má sì dáná síbẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ ọkọ yín kan tó jẹ́ ọdẹ bá wà nítòsí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó: á yọ kápù bó bá wà níbẹ̀, á rọra ti ọ̀pá ìkìbọn wọ ẹnu ìbọn títí á fi dúró, á fi ẹfun sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Á yọ ọ̀pá náà, á tẹ́ ẹ lé ìta páìpù. Bí orí ọ̀pá bá dé ẹ̀gbẹ́ ọmú, òfìfo ni.

Bí a ṣe wo ti bàbá mi náà nìyẹn ní ọjọ́ kẹjọ tó kú. Ọ̀pá náà fi ìka mẹ́rin dín. Wọ́n bu omi kún inú rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, torí ẹ̀tù tó bá ti mu omi yó kò lè gbiná nígbà tó bá ṣì tutù. Abẹ́ ibi tí wọ́n fi ìbọn yẹn kọ́ sí ni èmi àtàwọn àbúrò mi ti ń tẹ́ ẹní sùn láti kékeré.