Bí màmá oní-gàrí ṣe máa gbàgbé pé ẹ gbé kámẹ́rà dání

Ní Kàbà níbí, ẹ ṣáà gbé kámẹ́rà sókè, màmá tó ń yan gàrí á dìde, wọ́n á tún ìró ró, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan bí ẹni tó fẹ́ ya páásípọ́ọ̀tù. Mi ò bú wọn o. Ọdún kẹrìnlá rèé tí fọ́tò ìdúró bẹ́ẹ̀ ti ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fọ́tò tí èèyàn máa wò tí ooru agbada á fẹ́ ẹ lójú, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń yà á. Obìnrin kan tí mi ò rí rí ni mo fi ṣe ọ̀gá nínú rẹ̀: Eve Arnold, ayàfọ́tò, ọmọ Philadelphia ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní 1912.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ló ti bẹ̀rẹ̀ nígbà ogun Hitler. Ní 1948 ó lọ kọ́ṣẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ Alexey Brodovitch, olùkọ́ fọ́tò kan ní New York. Wọ́n ní kó lọ ya fọ́tò aṣọ, ló bá gba Harlem lọ, àdúgbò kan ní New York níbẹ̀, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń ṣe àfihàn aṣọ tiwọn. Kò dúró sí iwájú níbi tí gbogbo ojú wà. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń múra. Ìwé ìròyìn Picture Post ní London ló tẹ fọ́tò wọ̀nyẹn jáde. Nígbà tó di 1951 ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn Magnum, ẹgbẹ́ àwọn ayàfọ́tò, láàárín àwọn ọkùnrin tó lórúkọ jù nídìí iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi kámẹ́rà sínú báàgì. Ẹ kí wọn, “Òkun o, Màmá,” ẹ fa àpótí kan, ẹ bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ yà àti ibi tí ẹ máa gbé e lọ. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ ra gàrí kóńgò kan, ẹ máa lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé kámẹ́rà lé itan, kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án títí á fi sú wọn. Ẹ má tíì ya nǹkan kan.

Ìmọ́lẹ̀ ni ibi tó le jù. Ẹ má tan fíláàṣì. Arnold kì í gbé iná kiri, ìmọ́lẹ̀ tó bá bá níbẹ̀ ló ń lò. Nínú ahéré gàrí, ẹnu ọ̀nà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ẹ jẹ́ kó ti ẹ̀gbẹ́ bà wọ́n lójú. Èéfín kì í hàn bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀yìn yín wá. Ẹ̀yìn màmá ni kó ti wá kó tó hàn. Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ló dára jù. Gàrí funfun a sì máa tan kámẹ́rà jẹ: á rò pé ibẹ̀ ti mọ́lẹ̀ jù, á wá sọ ojú màmá di èédú. Lórí fóònù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ni kí ẹ tẹ ìka mọ́, ẹ má tẹ gàrí. Tèmi, mo máa ń gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 1600, ìyára sí 1/125 ìṣẹ́jú-àáyá kí ọwọ́ dúró. Bí mo bá fẹ́ kí ọwọ́ tó ń ro gàrí dà bí afẹ́fẹ́, 1/30 ni. Ẹ má fa lẹ́ǹsì, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi sún mọ́ wọn.

Ẹ wọ aṣọ tí ẹ ò ní sunkún lé lórí. Ní nǹkan bí 1961, nígbà tí Arnold ń tẹ̀lé Malcolm X, aṣáájú àwọn aláwọ̀ dúdú Mùsùlùmí ní Amẹ́ríkà, kiri, òun òyìnbó láàárín èrò tí kò fẹ́ rí òyìnbó, ó padà sílé ó rí i pé wọ́n ti fi sìgá jó ẹ̀yìn aṣọ òtútù rẹ̀. Bùbá tèmi náà lu jára, ṣùgbọ́n ẹ̀ta iná ni, kò sẹ́ni tó bínú sí mi.

Ẹ má ya owó tí wọ́n ń kà.

Arnold pàdánù oyún kan. Kò sá fún ọmọ wíwò. Ní 1959 ó gbé kámẹ́rà wọ yàrá ìgbẹ̀bí, ó ya ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ayé ọmọ tuntun. Nígbà tí ìyá mi kú, oṣù mẹ́rin ni mi ò fi lè ya ìsìnkú kankan, bẹ́ẹ̀ ìsìnkú ló ń mówó wá jù lọ́dọ̀ wa. Ìtàn ọmọ tuntun yẹn ló tì mí dé ìdí agbada. Oní-gàrí ni ìyá mi. Mi ò ní fọ́tò wọn kankan níbi tí wọ́n ti ń yan án. Gbogbo èyí tó wà nílé, ìdúró ni.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ fọ́tò jáde sórí ìwé, ẹ gbé e padà fún wọn. Màmá àkọ́kọ́ tí mo gbé tiwọn fún wò ó títí. Wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n kí n dúró ná. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wé gèlè, wọ́n jáde wá gbé ọwọ́ lé itan. Mo yà wọ́n. Èyí ló wà lára ògiri pálọ̀ wọn; ti ìdí agbada wà ní ṣọ́ọ̀bù mi.