Bí mo ṣe tẹ ọgbà ume Hiroshige ní kíṣìnì mi

Àwòrán tó wọ̀ mí lójú ni ti ọgbà igi ume, igi eléso kan nílẹ̀ Japan, tó wà ní Kameido, tí Hiroshige, ayàwòrán ọmọ Japan, yà lọ́dún 1857, nígbà tí Tokyo ṣì ń jẹ́ Edo. Ẹ̀ka igi ràgàjì kan ló dábùú iwájú rẹ̀, bí ẹni fẹ́ gún èèyàn lójú. Àwọn tó wá wo òdòdó wà lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn, wọn ò tóbi ju èèrà lọ. Ojú ọ̀run pọ́n kuku. Van Gogh, ayàwòrán ọmọ Netherlands, náà dà á kọ lọ́dún 1887, ṣùgbọ́n ọ̀dà ló fi kùn ún. Èmi ní pákó ni màá gbẹ́.

Pákó ni wọ́n fi tẹ ti Hiroshige náà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ò gbẹ́ pákó o. Ó yàwòrán, agbẹ́gi gbẹ́ ẹ, òmíràn tẹ̀ ẹ́, Uoya Eikichi tó náwó lé e lórí sì gbé e jáde fún títà. Èmi nìkan ni gbogbo wọn.

Mo da àwòrán náà kọ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo dojú rẹ̀ bo pákó, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, torí òdìkejì ohun tí a bá gbẹ́ ló ń jáde. Pákó mẹ́ta ni: dúdú, pupa, àwọ̀ ewé. Mo gbẹ́ kento, àmì tí etí bébà máa ń fìdí lé, sí igun pákó kọ̀ọ̀kan.

Mo ti ń wá pákó kẹrin tí màá fi tẹ òdòdó funfun kó tó yé mi pé kò sí. Bébà fúnra rẹ̀ ni òdòdó yẹn! Ṣe ni wọ́n ń gbẹ́ àyè rẹ̀ kúrò lára pákó pupa. Alẹ́ méjì gbáko ni mo fi ń gbẹ́ ihò tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ.

Mo fi omi rin bébà méjìlá sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo po àwọ̀ mọ́ omi àti lẹ́ẹ̀ ìrẹsì díẹ̀. (Ẹ má fi wé ẹ̀kọ àwọn aládìrẹ: tiwọn ń lé aró sẹ́yìn ni, èyí ń jẹ́ kí àwọ̀ di bébà mú.) Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sórí pákó, mo tẹ́ bébà lé e, mo fi baren, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi èèpo ọparun wé, ra ẹ̀yìn rẹ̀.

Dúdú jáde dáadáa. Ni fóònù bá dún. Nígbà tí mo padà dé, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pupa, pupa ń ya wọnú òdòdó, bí ètè tí wọ́n kùn nínú òkùnkùn. Méje ti bàjẹ́ kí n tó dúró. Mo ti mú ọ̀bẹ láti tún kento gbẹ́ kí n tó ronú wọn bébà: híítà ti gbẹ ẹ́, ó ti sún kì. Pákó ò ṣẹ̀ mí.

Mo tún rin márùn-ún tó kù, mo fi aṣọ tútù bò wọ́n, mo ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin bọ́ sójú ibi. Àtàǹpàkò mi hàn gbangba lójú ọ̀run ìkarùn-ún. Òun ni ìyàwó mi gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì.