Bí Ẹ Ṣe Lè Múra Ọmọ Iléèwé Sílẹ̀ fún Àríyànjiyàn Lórí Òfin Àìjagun Jàpáànù

Kókó ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fún wọn nìyí: "Kí Jàpáànù má ṣe fọwọ́ kan Abala 9 òfin rẹ̀." Ẹ má kọ ọ́ sí "àlàáfíà dára ju ogun lọ". Kò sẹ́ni tó máa takò ìyẹn, iyàn á sì di ìwàásù.

Ọmọ mẹ́ta ní apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ti olórí, mẹ́ta-mẹ́ta ni ti àwọn yòókù. Kí agogo dún nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Abala 9 nìkan ni kí wọ́n kà. Ìpín méjì ló ní. Nínú àkọ́kọ́, Jàpáànù kọ ogun sílẹ̀ títí láé, kò sì ní fi agbára tàbí ìhàlẹ̀ yanjú aáwọ̀ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn. Èkejì ní wọn ò ní tọ́jú ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi tàbí ti òfuurufú. Láti 3 May 1947 ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ò sì tíì yí padà. Kí wọ́n mọ̀ ọ́n sórí, torí alátakò máa béèrè kíá pé: àwọn ológun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954 wá ńkọ́? Èsì ìjọba ibẹ̀ ni pé ìdáàbòbò ara ẹni ni tiwọn. Ibí gan-an ni iyàn wà, ẹ má sáré kọjá níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún apá méjèèjì ní ẹ̀rí kan náà. Nígbà ogun Gulf ní 1991, tí Amẹ́ríkà àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé Iraq kúrò ní Kuwait, nǹkan bíi bílíọ̀nù 13 dọ́là ni Jàpáànù dá, kò rán ẹnikẹ́ni lọ jà. Agbèjà á ní òfin ló kó wọn yọ. Alátakò á ní owó náà ò ra ọ̀wọ̀ fún wọn. Ní 2014, ìgbìmọ̀ mínísítà fẹ ìtumọ̀ abala náà lójú kí wọ́n lè gbèjà orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ wọn, láìdìbò lé òfin fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí tó lágbára jù nìyí lójú tiwa, torí ó ń dun apá méjèèjì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọmọ Ìlọrin tàbí Òmù-Àrán dìde, kó ní, "Àwọn ajínigbé wà nínú igbó Kwara, báwo la ṣe máa wà láìní ológun?" Ìbẹ̀rù ọmọ náà kì í ṣe kékeré, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Ẹ ṣàlàyé pé aáwọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè ni Abala 9 ń sọ. Costa Rica fòpin sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ ní 1948, síbẹ̀ ó ní ọlọ́pàá. Ẹlòmíì á fẹ́ mú ogun Jálumi 1878 wá, tí Ìbàdàn bá Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà. Gbólóhùn kan ti tó fún un.

Wọ́n tún máa ń da ọ̀nà àtúnṣe òfin rú. Ní Jàpáànù, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ̀ọ̀kan ní láti gbà, kí aráàlú tó dìbò. Ní Nàìjíríà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 ló ń fọwọ́ sí i lẹ́yìn ti Àbújá. Aráàlú kì í dìbò lé e. Tí wọ́n bá fẹ́ àpẹẹrẹ ilé, Bakassi ni kí wọ́n lò: ilé ẹjọ́ àgbáyé dájọ́ ní 2002 pé Cameroon ló ni ín, Nàìjíríà sì parí fífi í sílẹ̀ ní 2008.

Nínú 100, máàkì 40 fún ẹ̀rí, 30 fún èsì, 20 fún èdè, 10 fún àkókò. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, kí àwọn agbèjà àti alátakò pààrọ̀ apá fún ìdánrawò kan. Ọmọ tí kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ apá kejì dáadáa kò tíì ṣe tán.