Ṣakabùlà tí wọ́n fi ìtàn tà fún mi

₦90,000 ni mo ra ìbọn náà. Kó tó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ₦130,000 míì ti bá a lọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Ojúde Ọba ni mo fẹ́ ẹ fún. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹgbẹ́ wa máa ń bá ìdílé balógun kan wọ ojúde Awùjalẹ̀. Àwọn tó gun ẹṣin ń ṣe fáàrí níwájú, àwa ń yìnbọn. Ọdọọdún ni mo ń yá ìbọn oníbọn. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, n ó ní tèmi.

Ọkùnrin tó tà á fún mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìbọn sójà òyìnbó ni, pé bàbá bàbá òun ló já a gbà lójú ogun Ìmàgbọn tí Ìjẹ̀bú bá òyìnbó jà. Ó fi adé tí wọ́n gbẹ́ sí i lára hàn mí, wọ́n kọ TOWER sábẹ́ rẹ̀. Orí mi wú. Mi ò tiẹ̀ ná an dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n, rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ogun 1892 lo ń wí? Ìbọn Snider wà lọ́wọ́ àwọn ará wa níjọ́ náà, ìdí ni wọ́n ti ń ki ìyẹn. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki eléyìí. Òyìnbó tó gbé Maxim arọ̀jò-ọta wá, kí ló fẹ́ fi irú èyí ṣe?" Wọ́n ní TOWER yẹn, àmì ilé ìbọn ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Birmingham náà ń lù ú mọ́ ìbọn tí wọ́n ń kó wá tà létíkun wa. "Ìtàn ni wọ́n tà fún ẹ. Ìbọn yẹn, ènì ni."

Ó sàn fún mi bẹ́ẹ̀ náà, torí òfin ìbọn ọdún 1959 kò fàyè gba ará ìlú láti ní ìbọn sójà. Ṣakabùlà ní ipele tirẹ̀, ìwé àṣẹ ló fẹ́. Ti ìwé yẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: lọ, bọ̀, padà wá lọ́la. Ẹ ṣáà gba ìwé kẹ́ ẹ tó sanwó. Èmi ṣe é lódìlódì, ìbọn tí mo ti san owó ẹ̀ sun ilé ẹni tó tà á fún oṣù mẹ́ta.

Wàhálà gan-an wà nílé alágbẹ̀dẹ. Irin tó dí ìdí ìbọn náà ti dípẹtà, kò ṣeé tú. Bàbá alágbẹ̀dẹ gba ₦55,000, wọ́n ní ọjọ́ méjì péré, pé kí n fẹ́ ẹwìrì sí i kó gbóná, yóò tú fúnra ẹ̀.

Ẹ wò ó, ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn àgbà láìti ọ̀pá bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ títí tó fi kanlẹ̀, mo fi àtàǹpàkò mú ibi tó dé, mo yọ ọ́, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn níta. Ó ku ìka mẹ́rin kó dé ìdí.

Ẹ̀tù wà nínú ẹ̀! Ta ló kì í, ọdún wo, kò sẹ́ni tó mọ̀. Iná sì ti ń jó nínú ààrò.

Bàbá alágbẹ̀dẹ sún sẹ́yìn. Nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n ní ewu ti wọ̀ ọ́, kí n fi ₦40,000 kún un. Mo rojọ́ títí, mo san án. A da omi sí i, omi kò jò lọ síbì kankan torí ihò tí iná ń gbà wọlé ti dí pa. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà lójú kan náà. Mo tún padà, wọ́n ti lọ síbi òkú. Mo tún padà, wọ́n ń rọ àdá fún oníbàárà míì. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án! Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn láti àárọ̀, mo ní mi ò lọ.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n rọ irin gígùn kan tí ẹnu ẹ̀ lọ́ bí ìwọ̀. Àkísà ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ìṣó, àfọ́kù ìkòkò irin, àkísà míì, ẹ̀tù tó ti di ẹrẹ̀ dúdú. Gbogbo èyí ni ìbá gbà wá láyà. Lẹ́yìn ìyẹn, a rẹ ìdí ẹ̀ sínú kẹrosíìnì lóru mẹ́ta, ó tú wẹ́rẹ́. Sípíríìnì tuntun, ₦15,000. Igi ìdí ẹ̀, ₦20,000.

Ṣùgbọ́n ó dún! Ẹ̀tù lásán la kì í, kò sí ọta, àwọn ẹṣin sì ta pọ́n-ún. Ẹni tí mo máa ń yá ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀ wo ẹ̀yìn.

Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí tí ẹ̀tù ń fi sílẹ̀ nínú ìbọn máa ń fa omi mọ́ra, òjò sì pọ̀ níbí. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, mo fi àkísà nù ún gbẹ, mo fi epo máṣíìnì ra á nínú lóde.

Ọkùnrin Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun tún rí òmíràn nínú àjà, pé ìyẹn náà ní adé lára. Mo ní kó kọ́kọ́ ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ lẹ́nu.