Bí a ṣe ń fetí sí ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run lójoojúmọ́

Gàrí ni mò ń tà lọ́jà Àgbálátà, ní Àgbádárìgì. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa a máa bi mí pé báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tàbí ti ìrìn àjò ló sábà máa ń wà nínú wọn. Mo máa ń ní kí wọ́n má tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá àkókò tí ẹnikẹ́ni ò ní pè yín. Aago márùn-ún ìdájí ni tèmi, kí àwọn ọlọ́kadà tó jáde. Ẹ fi fóònù sí yàrá mìíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Bí oorun bá ń kùn yín, ẹ dìde dúró.

Ẹ ka Bíbélì, ẹ kà á síta, ní èdè tí ẹ fi ń sunkún, ìbáà ṣe Yorùbá tàbí Ògù. Ẹsẹ mẹ́rin, márùn-ún ti tó. Ẹ má kàn ṣí ojú ìwé èyíkéyìí kí ẹ wá fìka lé ẹsẹ kan bí ẹni ń ṣẹ́ kèké. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè pé: "Olúwa, kí lo fẹ́ kí n ṣe lónìí?" Kí ẹ wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí ló nira jù fún àwa tí a mọ àdúrà kíkankíkan í gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ka Òwe 11 ẹsẹ kìíní, pé Ọlọ́run kórìíra òṣùwọ̀n èké. Kóńgò mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú kí n tó rà á, mo sì ń fi ìyẹn tu ara mi nínú pé èmi kọ́ ni mo lù ú. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà tún padà wá, jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá arúgbó kan na láílọ́ọ̀nù rẹ̀ sí mi, kóńgò ti wà nínú àpò gàrí, ọwọ́ mi ò gbé e. Mo yá ti aládùúgbò mi tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, mo sì ra tuntun kí n tó délé. Èrè mi dín kù lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa.

Ohunkóhun tí ẹ bá rò pé ẹ gbọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú déètì. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá, ẹ ó rí èyí tó jẹ́ ìfẹ́ inú yín lásán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán ohun tí ẹ rò pé ẹ gbọ́ wò, bóyá ti Ọlọ́run ni. Jòhánù Kìíní 4:1 ló pa á láṣẹ. Bó bá ta ko Ìwé Mímọ́, ẹ jù ú nù. Bó bá ń kán yín lójú, ẹ fura. Ẹnì kan ríran sí mi nígbà kan pé kí n san owó ilẹ̀ kan kó tó di alẹ́. Mo san án. Àṣé èèyàn méjì ti san owó ilẹ̀ yẹn ṣáájú mi. Sámúẹ́lì gan-an sáré tọ Élì lọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mọ ẹni tó ń pè é. Ẹ wá àgbà kan nínú ìgbàgbọ́ tí kì í gba owó lọ́wọ́ yín, tó sì lè sọ fún yín pé rárá.

Bí ìdáhùn ò bá dé ńkọ́? Ní oṣù January 1845, Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì níbí, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta, kú, ọ̀nà dí, wọ́n sì dúró fún nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀. Wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì parí lọ́dún 1845 ṣì wà ní Marina, ní Àgbádárìgì níbí. Ní August 1846, Crowther wọ Abẹ́òkúta, kí oṣù náà sì tó parí, ó rí ìyá rẹ̀ tí ogun ti yà wọ́n láti 1821.

Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ ṣí ìwé yín, ẹ wo èyí tí ẹ kọ kẹ́yìn, bóyá ẹ ti ṣe é.